Gólóbà ti Èkó: awọnlẹ̀ ojú omi ni, àbí olóṣèlú?

Ọmọ Ẹpẹ́tẹ̀dó:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Àríyànjiyàn ló ṣẹlẹ̀ nílé wa, mo ní kí n gbé e wá síbí. Bàbá àgbà wa máa ń sọ pé Ọba Gólóbà, ìyẹn Glover, gómìnà òyìnbó ayé àtijọ́, ló kọ ìwé ilẹ̀ fún àwọn baba wa ní Ẹpẹ́tẹ̀dó, àdúgbò wa ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi ní òyìnbó olóṣèlú kan báyìí ni, ó ń fi ilẹ̀ onílẹ̀ wá ojúure kiri. Àbúrò ìyá mi ní kì í ṣe olóṣèlú rárá, ọmọ ogun ojú omi tó ń wọn odò ni, ipò gómìnà kàn já lé e lọ́wọ́ ni. Èmi ò mọ̀ ju Glover Road ní Ìkòyí àti Glover Hall lọ. Ta ni ọkùnrin yìí gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ wo Google, mo ti wò ó.

Olùkọ́ Àgbà:
O káre tó o béèrè, ọmọ mi. John Hawley Glover lorúkọ rẹ̀. Ọmọ àlùfáà ni, wọ́n bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1829. Ní 1841 ló wọṣẹ́ ogun ojú omi, ìyẹn ni pé ọmọ ọdún 12 ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà ayé wọn nìyẹn: inú ọkọ̀ lọmọ á ti kọ́ ìwé, ìṣirò àti bí wọ́n ṣe ń wo ìràwọ̀. Ní 1853 ó jà ní Burma, ó sì fara gbọgbẹ́ gan-an níbi ìjà Donabew. Lẹ́yìn ìyẹn ló bá Dókítà Baikie, olórí àwọn òyìnbó tó ń ṣàwárí odò, wá sí odò Ọya ní 1857.

Bó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá olóṣèlú ni, ọdún yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Má bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó di gómìnà.

Awọnlẹ̀ Gbàgede:
Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀ yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ló dé yìí.

Wíwọn odò ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ Dayspring tí òun àti Baikie wọ̀ wá, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Wọ́n á so òjé mọ́ okùn, wọ́n á jù ú sómi, wọ́n á ka bí omi ṣe jìn tó, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á tún jù ú, láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ́ńpáàsì ni wọ́n fi ń mọ ibi tí odò kọrí sí. Lọ́sàn-án wọ́n á fi sextant wo bí oòrùn ṣe ga tó, lóru wọ́n á wo ìràwọ̀, kí wọ́n lè mọ ojú ibi tí wọ́n wà gan-an. Odò Ọya kì í sì í dúró lójú kan. Òkìtì iyanrìn tẹ́ ẹ yà sínú ìwé lẹ́ẹ̀rùn lè ti ṣí lọ kí òjò tó dá.

Ní October 1857, ọkọ̀ náà fọ́ mọ́ àpáta Juju nítòsí Jẹ́bà. Baikie, Glover, àti Ajayi Crowther tiwa náà, gbogbo wọn di ará etí odò. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí ọkọ̀ mìíràn tó wá bá wọn. Glover kò jókòó kalẹ̀ ní tiẹ̀. Ó gòkè dé Busa níbi tí Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò tó wá odò Ọya ṣáájú wọn, ti kú, ó sì gba ìwé ìṣirò kan lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ tó jẹ́ ti Park fúnra rẹ̀. Ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn fún àádọ́ta ọdún! Bí mo ṣe ń kà á, ara mi ń yá gágá, ẹ má bínú.

Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ rìn láti ibùdó Jẹ́bà, gba Ìlọrin, já sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ Èkó, láti wá kó nǹkan tí wọ́n ṣaláìní. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, lójú tèmi. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn láyé ìgbà náà, oníbodè ni yóò máa bá pàdé. Ìlú kan á jẹ́ kó o kọjá, èkejì á ní kó o dúró, ẹ̀kẹta á ní àwọn ń bá èkejì jagun, ọ̀nà ti dí. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ẹni tó ń wá ọ̀nà ló fi ń wo ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tó dórí oyè ní Èkó ní 1863, mi ò rí ìlànà ìṣèlú kankan lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kí ọ̀nà tó ti Èkó lọ sókè ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà yẹn, ọ̀tá rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbá Lísàbí:
"Ẹni tó bá dúró lójú ọ̀nà yẹn." Àwa nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá wa mọ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú tiwa. Ní 6 August 1861, wọ́n gbé ọkọ̀ ogun Prometheus síwájú ààfin Dòsùmú, ọba Èkó, títí ó fi fọwọ́ sí ìwé pé òun fi Èkó fún òyìnbó. Àwọn tó gba Èkó báyẹn, kí ni yóò dá wọn dúró kí wọ́n má gba Abẹ́òkúta? Ní March 1864 a lé Dahomey kúrò lẹ́yìn odi wa. Ní March 1865, ọdún kan péré sí i, Glover kó àwọn sójà West India Regiment ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn sójà Hausa tirẹ̀, ó yin rọ́kẹ́ẹ̀tì lu ibùdó wa ní Ìkòròdú, ó pa wá, ó tú wa ká. Ẹ̀gbá kò sì bá a jà rí. Kí lẹ fẹ́ ká pe ìyẹn, iṣẹ́ awọnlẹ̀?

Owó ibodè tún ńkọ́? Èkó ń gbà á lórí gbogbo ẹrù tó ń wọlé láti òkun. Nígbà tí Ẹ̀gbá náà ní àwọn yóò gba tiwọn lórí ẹrù tó ń jáde, Glover ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ẹrú ilé wa bá sì sá dé Èkó, ìbọn ni wọ́n ń fà lé e lọ́wọ́.

Ọ̀dọ́ Ìkòròdú:
Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀gbá, ẹ rọra. "Ibùdó wa ní Ìkòròdú." Kí lẹ wá dó sí Ìkòròdú fún? Ẹ̀yin lẹ wá ká wa mọ́lé nítorí pé a kò kẹ̀yìn sí Ìbàdàn. Nílùú tiwa, wọn kì í sọ ìtàn yẹn bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Àrẹ̀mú Ìbàdàn:
Ọ̀dọ́ Ìkòròdú, Olódùmarè á dá ẹ sí fún wa 😂

Ní kúkúrú: Ìbàdàn kò ní ìjà kankan bá Gólóbà. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà mọ́ wa, kò síyọ̀, kò sí ẹ̀tù, kò sí nǹkan òyìnbó. Pásítọ̀ Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ há mọ́ Ìbàdàn láti ìgbà ogun Ìjàyè títí di 1865, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, wọ́n ń ta aṣọ ara wọn jẹun. Glover ló rán Kápítéènì Maxwell gba inú igbó wá. Òru ló wọlé tọ̀ wọ́n, Anna sì bá a lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ sọ fún mi, gómìnà wo ló tún ṣe irú ẹ̀?

Màmá Dúró, London:
Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbá Lísàbí, àbúrò mi, mo fẹ́ bi yín léèrè ohun kan, ẹ má bínú. Ẹrú tó sá kúrò nílé yín, ṣé ẹ fẹ́ kó padà ni?

Ẹ̀gbá Lísàbí:
Rárá, mà. Ẹ kú ìtọ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe nítorí àánú ni Glover fi ń gbà wọ́n. Sójà ló ń wá. Ẹni tí kò ní ilé, tí kò ní ẹbí níbẹ̀, tí kò lè padà síbi tó ti sá, kò sí sójà tó rọrùn láti darí tó irú wọn. Àwọn Hausa tí wọ́n kó ṣẹrú wá sí ilẹ̀ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà kò sí ìbátan láàárín wọn àti àwọn tí wọ́n ń rán wọn lọ bá jà.

Màmá Dúró, London:
Mo gbọ́, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ náà. Méjèèjì lè jẹ́ òótọ́: pé ó ń wá sójà, àti pé ẹni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò padà sóko ẹrú mọ́. Ilé-iṣẹ́ ológun Nàìjíríà pàápàá, 1863 àti àwọn ọkùnrin 18 tí Glover kó jọ ni wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Ó yẹ kí ẹnì kan kọ ìtàn àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn lọ́tọ̀ ká kúrò lórí ọ̀gá wọn.

Olùkọ́ Àgbà:
Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ẹ ti ń da ọdún pọ̀.

Ní 1865 tí wọ́n jà ní Ìkòròdú, ọdún yẹn náà ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ wa tó ti Sierra Leone padà wálé, ní Abẹ́òkúta, George William Johnson ló ṣáájú wọn, dá ìgbìmọ̀ ìjọba Ẹ̀gbá sílẹ̀: ilé owó ibodè, ìwé ìjọba, gbogbo rẹ̀ bíi ti òyìnbó. Ohun tí Glover kò lè fara mọ́ nìyẹn. Ọba Aláké nìkan, ó lè rán ońṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ dúdú tó mọ òfin, tó ń kọ lẹ́tà sí London láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá? Ní 1867 ó kó ọlọ́pàá sí àwọn ojú ọ̀nà tí Ẹ̀gbá ní ilẹ̀ àwọn ni. Ní October ọdún náà, Abẹ́òkúta gbaná, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù àwọn onígbàgbọ́, wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde. Ìyẹn ni Ifọ́lé.

Àwọn onígbàgbọ́ tó sá wá, Glover fún wọn nílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tta. Nítorí náà, Ẹ̀gbá Lísàbí, ó ṣeé ṣe kí ìyá ìyá ẹnì kan nínú ẹbí yín ti jẹ nínú ilẹ̀ Gólóbà. Ṣé ẹ ti béèrè?

Ẹ̀gbá Lísàbí:
Bàbá, ẹ ti mú mi. Ẹ̀bútè Mẹ́tta ni wọ́n ti bí ìyá mi.

Ọmọ Ẹpẹ́tẹ̀dó:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti gbàgbé tèmi o. Ìwé ilẹ̀ Ẹpẹ́tẹ̀dó ńkọ́?

Awọnlẹ̀ Gbàgede:
Mi ò gbàgbé. Òótọ́ ni bàbá àgbà yín sọ, òótọ́ náà sì wà nínú ti ẹ̀gbọ́n yín.

Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́ tó jẹ ọba Èkó ṣáájú, bá ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò ní Èkó ní 1851. Nígbà tí wọ́n gbà kí wọ́n padà, ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé yìí ni wọ́n fún Òṣòdì àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó kú ní 1868. Ní 1869 Glover kọ ìwé fún àgbo ilé 21 ní Ẹpẹ́tẹ̀dó. Ẹ wo ẹni tó ń fún: àwọn ọmọ ẹ̀yìn Kòsọ́kọ́, tí wọn kì í bá Dòsùmú ṣe. Dòsùmú tó wà láàfin kò fẹ́ràn Glover, Glover náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Táíwò Olówó tó ń ṣòwò ní Ìṣẹ́rí náà, ẹ̀yìn Glover ló wà, ibẹ̀ ló sì ti di ọlọ́lá. Bí èyí kò bá ṣe ìṣèlú, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìṣèlú.

Ṣùgbọ́n ìwé yẹn ní ìṣòro. Òfin òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, lé ilẹ̀ tó jẹ́ ti àgbo ilé. Ṣé olórí ilé ló nìkan ni ín, tó lè tà á? Àbí gbogbo ará ilé? Ẹjọ́ Ẹpẹ́tẹ̀dó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà náà, ní London ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e. Awọnlẹ̀ tó dáa ni Glover. Òun ló la Marina àti Broad Street gbọọrọ báyìí, tí ọkọ̀ fi ń kọjá níbẹ̀ títí dòní. Àmọ́ ìlà tó fà sórí ìwé, ó rò pé bí ilẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn, kò wo àwọn tó wà lórí ilẹ̀.

Àrẹ̀mú Ìbàdàn:
Ta ló wá lé e kúrò? Mo máa ń gbọ́ pé Ẹ̀gbá ló lé e.

Olùkọ́ Àgbà:
Ẹ̀gbá lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lé e.

Ní 1865, àwọn ọmọ ilé aṣòfin ní London jókòó lórí ọ̀rọ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní owó tó ń bá a lọ pọ̀ jù, kí wọ́n má gba ilẹ̀ kún ilẹ̀ mọ́. Ní 1866 wọ́n fi Èkó sábẹ́ ìjọba Sierra Leone. Glover wà ní Èkó, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ wà ní Freetown. Nígbà tí ọ̀gá bá jìnnà, ó ń ṣe bó ṣe fẹ́. Ní 1872 ọ̀gá tuntun dé, John Pope-Hennessy, ará Ireland. Ọkùnrin yìí ti jókòó nílé aṣòfin London láti 1859 dé 1865. Bí ẹ bá ń wá olóṣèlú gidi nínú ìtàn yìí, òun ni. Ó dé Èkó, ó bá ọ̀nà Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ní títì, ó bá oníṣòwò tó ń ráhùn pé epo kò wọlé, ó gba Dòsùmú lálejò, ó fetí sí i. Glover kò rí i pé ẹni tó jókòó síwájú òun ń ka iye èèyàn tó wà lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kó tó di ìparí June, ó ti kúrò ní Èkó.

Màmá Dúró, London:
Mo ti ka ìwé tí ìyàwó rẹ̀ kọ lórí rẹ̀ ní 1897. Bí ẹ bá kà á, ẹ ó rò pé áńgẹ́lì ni wọ́n lé kúrò ní Èkó. Ẹ rántí pé ní 1876 ló fẹ́ ẹ, obìnrin náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún un ló kọ. Mi ò dá a lẹ́bi, ọkọ rẹ̀ ni.

Ọ̀dọ́ Ìkòròdú:
Lẹ́yìn Èkó ńkọ́? Ṣé ó padà sínú ọkọ̀ ni?

Olùkọ́ Àgbà:
Rárá o. Ogun láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Asante bẹ́ sílẹ̀ ní Gold Coast, Ghana òde òní, ní 1873, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ kó àwọn ọba ìlà-oòrùn Gold Coast jọ ní ẹ̀bá odò Volta, kó gba ẹ̀yìn yọ sí Asante. Àwọn ọba náà ń gbowó, ń gba ìbọn, wọn kò yára. Wolseley, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ti wọ Kumasi, olú ìlú Asante, ní 4 February 1874, ó ti dáná sun ún, ó ti ń padà lọ kí Glover pẹ̀lú àwọn Hausa àti Yorùbá rẹ̀ tó débẹ̀. Síbẹ̀ ilé aṣòfin dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di Sir.

Lẹ́yìn náà, gómìnà Newfoundland, erékùṣù olótùútù tó wà ní ìlà-oòrùn Kánádà, láti 1876 sí 1881. Ibẹ̀ ló ti rí irú ìjọba mìíràn: ilé aṣòfin tí àwọn ará ìlú dìbò yàn, olórí ìjọba tí gómìnà kò lè pàṣẹ fún. Àwọn ará Faransé tún ní ẹ̀tọ́ ẹja pípa ní apá kan etíkun wọn nípasẹ̀ àdéhùn àtijọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ sì ń kùn. Ó lọ sí erékùṣù Leeward ní 1881, ó padà sí Newfoundland ní 1883, ó kú ní London ní 30 September 1885. Ìlú kan wà ní Newfoundland dòní tó ń jẹ́ Glovertown. Ní Èkó, wọ́n kọ́ Glover Hall ní 1887 ní ìrántí rẹ̀, owó àwọn ọmọ Èkó sì wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní ilẹ̀ wa, ní August 1903. Ibẹ̀ náà ni Ogunde ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944.

Ẹ̀gbá Lísàbí:
Newfoundland tẹ́ ẹ mẹ́nu kàn yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ṣé ẹ rí i pé òyìnbó ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ilé aṣòfin àti owó ibodè tiwọn, ó sì bá wọn ṣe é ní jẹ́jẹ́? Ohun kan náà tí Johnson béèrè ní Abẹ́òkúta ní 1865 ni.

Awọnlẹ̀ Gbàgede:
Mi ò lè bá ọ jiyàn lórí ìyẹn.

Ọmọ Oǹdó:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń kà á, mo ń dúró de ìgbà tẹ́ ẹ máa dárúkọ wa. Ẹ ti jà tán lórí Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó rántí Oǹdó.

Nígbà tí Glover rí i pé ọ̀nà Ẹ̀gbá àti ọ̀nà Ìjẹ̀bú kò ṣí, ó wá ẹ̀kẹta: láti Èkó gba orí ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn, kí wọ́n gúnlẹ̀ ní apá ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, kí wọ́n gba Oǹdó gòkè lọ sí Ifẹ̀, kí wọ́n yọ sí Ìbàdàn láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú. Ogun abẹ́lé ti tú Òde Oǹdó ká nígbà yẹn, àwọn èèyàn wà káàkiri oko. Ó rán òyìnbó kan tó ń jẹ́ Goldsworthy wá ní 1872 láti bá wọn parí ìjà kí ìlú lè padà dúró. Glover kò jèrè rẹ̀ nítorí ọdún yẹn náà ni wọ́n lé e, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà dúró. Kò sí ẹni tó tún lè tì í pátápátá.

Bàbá Àrẹ̀mú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí Kírìjí bẹ̀rẹ̀, tí àwọn Èkìtì ń bá Ìbàdàn jà láti 1878, ọ̀nà yẹn ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó fi ń kó ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun wọn. Ìbọn tó ń yìn kíákíá, tí Ìbàdàn kò ní irú rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀nà tí Gólóbà là fún Ìbàdàn ni.

Àrẹ̀mú Ìbàdàn:
Háà.

Ẹ̀gbá Lísàbí:
Bàbá Àrẹ̀mú, ṣé ìjà ò sí láàárín ẹ̀yin àti Gólóbà síbẹ̀?